“Ó Yá” Kọ́ Ni “Ó Tó”: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Orin àti Ohùn Ṣe Atọ́nà Eré Sísá Fún Ara Yín

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ń sáré bọ̀ láti Òkè-Fìà ní Òṣogbo, mo forí lé ọ̀nà Old Garage. Orin ń dún létí mi. Màámi náà wà létí mi, torí mo ti gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, mo sì fi há àárín orin kí wọ́n lè máa sọ ìgbà tí mo máa sáré àti ìgbà tí mo máa rìn fún mi. Nígbà tó tó àsìkò kí n sinmi, ohùn wọn dún. Ẹsẹ̀ mi tún ki eré mọ́lẹ̀. Mo sá a, mo sá a, títí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé òkété tí kò bá a, kí n tó mọ̀ pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. “Ó tó” ni Màámi wí. “Ó yá” ni mo gbọ́.

Ẹ pe méjèèjì jáde lẹ́nu. Mí-mí ni “ó tó,” mí-mí náà ni “ó yá.” Nínú yàrá tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀kan kó pè é ní èkejì. Ṣùgbọ́n tí gángan bá ń dún lábẹ́ rẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọ etí, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, “t” àti “y” ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Ohun tó máa ń délé ni òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Èmi wá mú ọ̀rọ̀ méjì tí ohùn wọn dọ́gba, mo fi ọ̀kan ṣe àṣẹ eré, mo fi èkejì ṣe àṣẹ ìsinmi. Ẹ̀bi mi ni, Màámi ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, kọ̀ǹpútà ò sì jìnnà sí mi, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń rò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni nǹkan yìí. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, “Bọ̀dá, ẹ bá mi fi ohùn sínú orin,” bí ẹni ní kí n bá òun tẹ káàdì ìgbéyàwó. Wọ́n rò pé títẹ bọ́tìnnì ló le. Títẹ bọ́tìnnì ò le. Ohun tó le ni pé orin àti ohùn fẹ́ gba ojú ọ̀nà kan náà wọ etí, àwa la sì gbọ́dọ̀ pín ọ̀nà náà fún wọn kí wọ́n má bàa jà.

Ẹni tó jẹ́ kí n jókòó kọ àlàyé yìí ni màmá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn dáadáa nítorí ṣúgà. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu géètì wọn.

“Ọmọ mi, ta lobìnrin tó máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú nǹkan etí yẹn, tó o fi máa ń dá a lóhùn lójú títì?”

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá mi ni.”

“Ìyá rẹ wà ní Ìkìrun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ohùn wọn ni mo gbà sílẹ̀.”

Wọ́n wò mí títí. “Ó dáa. Tèmi ńkọ́?”

Ó dáa náà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kó mú bírò àti ìwé. Ètò tó gbajúmọ̀ gan-an fún ẹni tí kò sáré rí ni Couch to 5K, ìyẹn “láti orí àga dé eré kìlómítà 5.” Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, ìyá tirẹ̀ ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ò ju pé kéèyàn sá díẹ̀, kó rìn díẹ̀, kí eré máa pọ̀ sí i, kí ìrìn máa dín kù bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ báyìí: ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà, eré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ìrìn fún ìṣẹ́jú àáyá 90, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Mo máa ń fi ìrìn ìṣẹ́jú 5 mìíràn kádìí rẹ̀ kí ọkàn lè rọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 30.

Ẹ wò ó bó ṣe bọ́ sójú ìwé. Eré kan àti ìrìn kan jẹ́ ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nìyẹn nínú ìṣẹ́jú 20. Nítorí náà, àṣẹ eré máa dún ní 5:00, 7:30, 10:00, 12:30, 15:00, 17:30, 20:00 àti 22:30. Àṣẹ ìrìn á máa tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: 6:00, 8:30, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 23:30. Ní 15:00, ẹ ti dé ìdajì, ibẹ̀ sì lẹ ti gbọ́dọ̀ gbọ́ pé kí ẹ yí padà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fáìlì á parí nígbà tí ilé yín ṣì wà lódìkejì ìlú. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo fẹsẹ̀ rìn wálé nínú oòrùn aago mẹ́jọ pẹ̀lú íapíìsì tó dákẹ́.

Ẹni tí kò bá kọ aago wọ̀nyí sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó kàn ń kó orin jọ, á rí i pé fáìlì rẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú 41, ohùn á sì máa jáde níbi tó bá wù ú.

Ẹ lè bi mí pé ṣebí áàpù wà tó ń ṣe gbogbo èyí. Ó wà, mo sì lo ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta. Obìnrin inú rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka ìròyìn, ó ń fi máìlì ka ọ̀nà fún mi, ó sì máa ń pa orin mi lẹ́nu mọ́ pátápátá nígbàkígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ bátìrì bí ìgbà tí ewúrẹ́ rí ẹ̀pà. Fáìlì kan ṣoṣo tó wà lórí fóònù ò nílò dátà, kò nílò kí GPS máa wá ibi tí mo wà kiri, àní fóònù kékeré tó ní àyè káàdì ìrántí lè lù ú.

Orin ló kàn. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dàrú. Wọ́n rò pé orin tó yá ló ń mú kéèyàn sáré yá. Orin ò lè mú ju ohun kan ṣoṣo lọ lára yín, ìyẹn iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín ń kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ìṣísẹ̀ yín ṣe gùn tó, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ orin. Ẹ mú èèyàn méjì, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé orin kan náà láìtàsé: ẹni tó ga ló máa kọ́kọ́ dé Ọláìyá.

Láti mọ iye tiyín, ẹ sáré bí ẹ ti máa ń sá a, kí ẹ ka ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Tèmi máa ń jẹ́ 40, ìyẹn 160. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ nípa eré pé 180 ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wá láti ọ̀dọ̀ Jack Daniels, kóòṣì ará Amẹ́ríkà, tó ka ẹsẹ̀ àwọn sárésáré níbi Òlíńpíìkì 1984 ní Los Angeles, tó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó ń sá ọ̀nà jíjìn ló ń gbé ẹsẹ̀ tó 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ àwọn tó ń du góòlù lèyí o. Kò sófin tó ní kí èmi tí mò ń sáré lọ sí Old Garage kí n lè jẹ àkàrà láìbẹ̀rù máa gbé ẹsẹ̀ bíi tiwọn.

Tí ẹ bá ti mọ iye tiyín, ẹ wá orin tí ìlù rẹ̀ bá a mu. Fún 160, orin 160 dára. Orin 80 náà dára, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló máa bọ́ sórí ìlù, òsì á bọ́ sí àárín. Ẹ fi aago ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Wàyí o, nínú orin tiwa, fújì, àpàlà, jùjú, kíka ìlù ní ẹ̀tàn nínú. Omele ń sáré wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni mẹ́ta lè ka orin kan náà kí ọ̀kan ní 80, kí èkejì ní 160, kí ẹ̀kẹta tó ń tẹ̀ lé omele ní 240, kò sì séyìí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń dìde, mo máa ń jó o. Ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀ nínú ijó ni mo máa ń kà. Ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá kì í tẹ̀ lé omele.

Ṣé orin ń ran sárésáré lọ́wọ́ lóòótọ́? Costas Karageorghis, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Brunel University ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí orin ṣe ń ṣe sí ara ẹni tó ń ṣeré ìdárayá. Ohun tó ń jáde nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pé orin máa ń mú kí iṣẹ́ fúyẹ́ lójú ẹni nígbà tí eré ò tíì le jù. Tó bá ti le gan-an, ariwo tí àyà àti ẹsẹ̀ ń pa á borí orin. Ní 1998, Haile Gebrselassie, ọmọ Etiópíà, sá 2000 mítà nínú gbọ̀ngàn ní Birmingham, wọ́n ń fi orin kan tó bá ìṣísẹ̀ rẹ̀ mu dún nínú gbọ̀ngàn, ó sì sá a yá ju bí ẹnikẹ́ni ti sá a rí nínú gbọ̀ngàn lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gùn yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti lágbára kí orin tó dún.

Tí orin tí ẹ fẹ́ràn bá jẹ́ 150, tí ẹsẹ̀ yín jẹ́ 160 ńkọ́? A lè ti orin síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má sì gbé ọ̀kan dípò èkejì. Ẹni tó bá dàgbà tó láti mọ rédíò kásẹ́ẹ̀tì á rántí pé tí bátìrì bá ti fẹ́ kú, ohùn olórin á di ti egúngún. Tí téèpù bá sì sáré, á di ti ọmọ jòjòló. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé orin tí mo sì fi ń dà á pọ̀ mọ́ ohùn, ohun tí bọ́tìnnì tí wọ́n pè ní Change Speed and Pitch ń ṣe nìyẹn: ó ń yí ìyára àti ohùn padà pọ̀. Èyí tí ẹ ń wá ni Change Tempo, tó ń ti ìlù síwájú tí ohùn olórin sì dúró sípò rẹ̀. Láti 150 dé 160, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, etí ò ní fura. Tó bá ti kọjá 10, olórin á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fò: orin tí ẹ gbà sílẹ̀ nínú àwọn áàpù tí ẹ ń san owó oṣù fún ò ṣeé gbé jáde. Wọ́n tì í pa sínú áàpù náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ yín. Ẹ nílò fáìlì orin gan-an, MP3 tí ẹ rà, tàbí èyí tí ẹ gbà láti orí sídíì tí ẹ ti ní. Kí ẹ lò ó fún etí ara yín nìkan. Tí ẹ bá gbé àdàlù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ẹ ti wọ oko olóko nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ohùn, torí òun lorí iṣẹ́ yìí.

Orin Yorùbá kì í ṣe orin lásán sí etí Yorùbá. Bí olórin bá ń kọ “ọkọ̀,” ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀. Orin ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, tí olórin fújì bá ń ki ẹnì kan létí mi, tí Màámi náà ń sọ pé kí n rìn, èèyàn méjì ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lédè kan náà. Ọpọlọ á mú ọ̀kan. Ó sì máa ń mú olórin, torí òun ló ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ látẹ̀yìn. Ẹni tó ń sá pẹ̀lú orin Faransé kò ní ìṣòro yìí. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fi ohùn sí ibi tí olórin ti fàyè sílẹ̀ fún ìlù: ìbẹ̀rẹ̀ orin, ibi tí gìtá jùjú ti ń dá ṣe tirẹ̀, ibi tí onígángan ti gba iṣẹ́. Tí ibẹ̀ ò bá bọ́ sí 7:30, mo máa gé orin títí á fi bọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbà sílẹ̀. Ẹ má ṣe gba gbólóhùn gígùn. Ẹ yan ọ̀rọ̀ nípa ohùn rẹ̀, kí ẹ pè é bíi dò-re-mí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tèmi nìyí. Fún eré: “Ó yá, sáré!” Mí-mí-mí-mí, gbogbo rẹ̀ wà lókè. Fún ìrìn: “Rọra rìn.” Re-re-dò, ó ń sọ̀ kalẹ̀, èèyàn á sì gbọ́ ìsọ̀kalẹ̀ náà bí wọ́n tilẹ̀ ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún ìdajì ọ̀nà: “Yí padà.” Mí-re-dò, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tó ṣẹ́kù: “Ó ku díẹ̀,” mí-re-mí-dò. Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. “Ó tó” ti kúrò nínú ìwé mi láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Inú mi dùn sí i débi tí mo fi lọ bá ọmọ Àyàn kan tó ń lùlù níbi ìnáwó, mo ní kó bá mi lu “ó yá, sáré” sórí fóònù. Ó lù ú, ìlù náà yọ ketekete. Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé ‘ó tó, dúró’ náà nìyẹn?”

Mo la ẹnu sílẹ̀. Mí-mí-mí-mí. Òótọ́ ni. Ìlù kan náà, àṣẹ méjì tó tako ara wọn. Ó ní ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kúkúrú. Wọ́n máa ń fà á gùn, kí ìyókù lè là á yé ẹni tó ń gbọ́. Mo ṣì ń lo ìlù rẹ̀ lónìí, torí èmi ni mo mọ ohun tí èmi àti ìlù náà jọ sọ. Àmọ́ ẹ má fún ẹlòmíì ní fáìlì onílù láìjẹ́ pé ẹ ti sọ fún un.

Gbígba ohùn sílẹ̀ ò ní kí ẹ lọ sí sítúdíò. Fóònù tó. Ohun tó ń ba ohùn jẹ́ ni yàrá: ògiri tó ṣófo á máa dá ohùn padà, gbogbo rẹ̀ á sì máa dún bíi pé ẹ wà nínú kòǹga. Èmi máa ń ṣí wọ́dúróòbù, màá kọjú sí aṣọ tí mo fi kọ́ síbẹ̀, àgbádá ṣáájú, torí aṣọ tó nípọn máa ń gbé ìró mì. Ẹ pa fáànù. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún, ẹ dúró kó dákẹ́. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ẹnu bí ìbú ọwọ́ kan àti díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kí ẹ̀mí má bàa máa fẹ́ lù ú. Ẹ pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa mú èyí tó dára jù. Kí ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì títì. Ohùn jẹ́jẹ́ tó dùn nínú yàrá kì í dé ojú ọ̀nà.

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀rọ lè ka ọ̀rọ̀ sókè fún yín. Mo ti dán an wò. Ẹ̀rọ tó ka “rìn” bíi “rín” ò lè tọ́ mi sọ́nà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀. Audacity ni mò ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti ọdún 2000. Ojú rẹ̀ máa ń ba ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ fojú wò ó bí ẹní méjì tí a tẹ́ sórí ara wọn: ẹní òkè ni orin, ẹní ìsàlẹ̀ ni ohùn, àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ to orin sórí ẹní òkè títí á fi pé ìṣẹ́jú 30. Ẹ fa ohùn kọ̀ọ̀kan lọ sábẹ́ aago rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ parí lórí aago náà ni, kó má bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. “Ó yá, sáré” gbọ́dọ̀ ti tán lẹ́nu nígbà tó bá lu 5:00. Tí fóònù yín bá gba ohùn sílẹ̀ ní m4a, irú fáìlì ohùn kan, Audacity lórí Windows lè kọ̀ ọ́ àyàfi tí ẹ bá fi FFmpeg kún un, ìyẹn àfikún tó ń jẹ́ kó lè ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ lè sọ fún fóònù pé WAV, fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀, ni kó máa fi gba ohùn sílẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ méjì ló kù, ẹ má sì yí ìtòtẹ̀léra wọn padà. Àkọ́kọ́, ẹ sọ gbogbo orin di ọgbọọgba, torí orin àtijọ́ máa ń rọlẹ̀ ju tòde òní lọ; Loudness Normalization ni wọ́n pè é. Èkejì ni èyí tó ń pín ọ̀nà láàárín àwọn méjì tó fẹ́ jà: kí orin dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ohùn bá ń bọ̀, kó sì dìde nígbà tí ohùn bá ti kọjá. Auto Duck lorúkọ rẹ̀. Ẹ yan ẹní orin, kí ẹní ohùn wà lábẹ́ rẹ̀ gbágbá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Iye tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni 12 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n ariwo. Nínú ìwọ̀n yìí, tí ẹ bá dín nǹkan bí 10 kù, etí á gbà pé ariwo ti dín sí ìdajì, nítorí náà 12 máa mú kí orin dọ̀bálẹ̀ láìsùn lọ. Ẹ má pa orin lẹ́nu mọ́ pátápátá bí áàpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ìlù bá já, ẹsẹ̀ náà á já.

Ẹ fi fáìlì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ pamọ́ lọ́tọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ di MP3. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, eré á di ìṣẹ́jú àáyá 90, ìrìn á di ìṣẹ́jú 2. Ohùn kan náà ni, ẹ kàn máa fà wọ́n sí ibòmíì ni. MP3 tó jẹ́ 128 kbps (iye dátà tó ń lò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan fún ìṣẹ́jú kan, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 30 ò pé mẹ́gábáìtì 30. WAV á gbà ju 300 lọ, kò sì sí ohun tí ẹ máa gbọ́ yàtọ̀ nínú ariwo títì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e gba WhatsApp dé orí fóònù yín, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, áàpù fóònù tó ní ìlà ohùn ju ẹyọ kan lọ lè ṣe é. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ gé orin sí ègé ìṣẹ́jú àáyá 60 àti 90, kí ẹ fi ohùn sáàárín bíi fáìlì tirẹ̀, kí ẹ wá tò wọ́n. Ẹ fún wọn lórúkọ 01, 02, 03. Tí ẹ bá kọ 1, 2, 3, ọ̀pọ̀ fóònù á lu 10 kó tó lu 2. Kí ẹ sì pa shuffle, bọ́tìnnì tó ń da ìtòtẹ̀léra orin rú. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa shuffle. Mo mọ ẹnì kan tó gbọ́ “yí padà” kó tó jáde ní géètì.

Lójú ọ̀nà, ẹ sọ fún fóònù kó má fi ìpamọ́ bátìrì pa ẹ̀rọ orin, kí ẹ sì pa ìpè. Etí kan ṣoṣo ni kí íapíìsì wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ni kí ẹ ti máa sáré, kí ẹ máa rí ojú ẹni tó ń bọ̀; ọ̀kadà tó ń gba ojú ọ̀nà òdì ń bẹ o, ìdí nìyẹn tí etí kejì fi gbọ́dọ̀ ṣófo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Tí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹ tó gbọ́ Màámi, orin ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀ sí i.

Mo ti ṣe ti màmá tíṣà. Ìrìn nìkan ló wà nínú tiwọn, orin ìyìn tí ìlù rẹ̀ rọlẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn ló sì ń sọ pé “Màmá, ó ku díẹ̀” àti “Màmá, ẹ yí padà.” Wọ́n ní ọmọ náà ò fi “ẹ jọ̀ọ́” kún un. Mo gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti ìgbà tí “ó tó” ti kúrò nínú rẹ̀, fáìlì tèmi ti ọ̀sẹ̀ kìíní ò tíì yí padà. Ọjọ́ tí mo gba ohùn Màámi sílẹ̀ ní Ìkìrun, fèrèsé ò tì dáadáa, obìnrin kan sì ń kiri búrẹ́dì kọjá. N kò gbọ́ ọ nígbà náà. Ó wà níbẹ̀ ní 11:00, lẹ́yìn “rọra rìn,” tó jìnnà díẹ̀: “Búrẹ́dì rèé o!” Mo lè gé e kúrò, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń wà ní 11:00 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Old Garage, wọ́n sì ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ lóòótọ́.